Ibùsùn Méjì fún Bàbá Káfíńtà

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹjọ

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wa ní àjọ tó ń yẹ ìtọ́jú aláìsàn wò pè mí sí yàrá wọn láàárọ̀, wọ́n fún mi ní tíì tí kò ní ṣúgà, wọ́n sì ṣàlàyé iṣẹ́ náà bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní ABD. Kí n lọ wo bí ọsibítù àti ọ́fíìsì ìgbáyé-gbádùn ṣe ń fọwọ́ wẹwọ́ lórí àwọn àgbàlagbà tó ń ti orí ibùsùn àìsàn padà sílé. Kí n má kàn ka ìwé wọn. Kí n mú aláìsàn kan ṣoṣo, kí n tẹ̀ lé e láti wọ́ọ̀dù títí dé yàrá rẹ̀ nílé, kí n wá fún wọn ní máàkì, láti orí ení dé orí àrún, kí oṣù kẹsàn-án tó parí.

"Ojú ni kí ẹ mú lọ," ni wọ́n wí. "Ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀ nílé. Tí ẹ bá ti bá wọn tún un ṣe, iṣẹ́ ara yín lẹ wá ń fún ní máàkì nìyẹn."

Mo ní mo gbọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ṣe nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọwọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́.

Òjò ń rọ̀ láti ìdájí, orúnkún òsì sì ń dùn mí. Mo dúpẹ́ pé mo ríṣẹ́ jáde nílé o, torí láti ìgbà tí ọkọ mi náà ti fẹ̀yìn tì ló ti sọ ilé ìdáná di tirẹ̀, mi ò sì níbi tí mo lè dúró sí mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ni wọ́ọ̀dù àwọn tí egungun wọn kán ló yan aláìsàn fún mi. "Ẹ mú Bàbá Káfíńtà. Wọ́n yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé wọn, egungun ìbàdí kán, a ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ó sì ń jinná. Tiwọn ló rọrùn jù. Ìyàwó wọn wà nílé tó máa tọ́jú wọn."

Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, Bàbá ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kékeré tó wà níbẹ̀, wọ́n ń tì í, wọ́n tún ń ṣí i. "Ebi ló ń pa ẹni tó kan ilẹ̀kùn yìí," ni wọ́n wí kí wọ́n tó dá kíkí mi lóhùn. Wọ́n bi mí pé kí ni iṣẹ́ tèmi. Mo ní mo wá fún àwọn èèyàn ní máàkì ni.

"Ẹ ò ṣe bẹ̀rẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù? Òdo."

Mo rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi yọjú wò wá. Ìyá Alámì ni Bàbá ń pè mí láti ìgbà yẹn, gbogbo wọ́ọ̀dù sì ti gbà á lẹ́nu wọn. Nígbà tí mo ń lọ, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ bá mi kí ìyàwó mi. Ẹ sọ fún un pé mo ń bọ̀." Ọwọ́ wọn ṣì le bíi ti ẹni tó ṣiṣẹ́ lánàá.

Ọjọ́bọ̀, 7

Ọ́fíìsì ìgbáyé-gbádùn kọjú sí ọsibítù gan-an ni. Títì kan ló là wọ́n láàárín, àti ògiri gíga méjì. Ẹni tí àwọn àgbàlagbà àdúgbò Bàbá Káfíńtà wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í gbé agboòrùn sílẹ̀. Nínú ilé pàápàá, apá ló fi kọ́ ọ. Mo ti sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Agboòrùn nínú ọkàn mi.

Mo bi í nípa ìyàwó Bàbá Káfíńtà. Ó mọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Orúkọ Màmá wà nínú ìwé wa, mà. Wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan, ó ti ṣe díẹ̀. Wọ́n lè gbé ìkòkò kaná kí wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn lọ. Ṣùgbọ́n a ò ní wàhálà kankan níbẹ̀. Ọkọ wọn wà nílé, àwọn ló ń tọ́jú wọn."

Láti ojú fèrèsé ọmọ yìí ni mo ti ń wo òrùlé wọ́ọ̀dù tí ọkọ náà dùbúlẹ̀ sí. Ọsibítù ní ìyàwó ló ń tọ́jú ọkọ. Ọ́fíìsì ní ọkọ ló ń tọ́jú ìyàwó. Oníkálukú ti fi ọkàn balẹ̀, wọ́n ti pa fáìlì dé.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí ilé náà lójú ẹsẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé. Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀ ló ti ń sùn ti Màmá láti ọjọ́ tí Bàbá ti ṣubú, ẹnikẹ́ni ò sì bẹ̀ ẹ́. "Ta ni kí n wá fi wọ́n sílẹ̀ fún?" ló bi mí, àfi bíi pé èmi ni mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà lókè òkun, ó máa ń pe fóònù. Ohun tó ń kọ Ìyá Oníbúrẹ́dì lóminú ni pé ọmọ tirẹ̀ obìnrin máa bímọ ní ìparí oṣù yìí ní ìlú mìíràn, kò sì sí bí kò ṣe ní lọ.

Màmá gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n rò pé aránṣọ wọn ni mí, wọ́n bèèrè búláòsì. Mo ní ó ku bọ́tìnnì. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí Bàbá rán mi, wọ́n ní, "Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kò ní pẹ́ dé."

Ọlọ́run á bá mi san oore fún Ìyá Oníbúrẹ́dì. Gbogbo ètò tí wọ́n ní kí n wá fún ní máàkì, obìnrin yìí ló gbé e sórí.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Mo pe ọ̀gá, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ohun tí a rán yín lọ wò gan-an nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má sọ fún wọn." Mo ní tí wọ́n bá wá dá Bàbá sílẹ̀ kí wọ́n tó fura ńkọ́? Wọ́n ní kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Inú bí mi débi pé iyọ̀ ni mo bù sínú tíì. Ọkọ mi ń gé àlùbọ́sà. Ó ti tún gbówó lórí, ọkùnrin yìí sì ń gé e bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń há a. Nígbà tí mo rojọ́ tán, ó nu ojú rẹ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé wọ́n ní kí o má bèèrè ọ̀rọ̀ ni?"

"Iṣẹ́ mi ni kí n bèèrè ọ̀rọ̀."

"Ó parí. Lọ bèèrè."

Mo dúpẹ́ pé mo fẹ́ ọkùnrin yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọbẹ̀ náà jóná.

Ọjọ́ Ajé, 11

Mo dúró di ìgbà tí nọ́ọ̀sì àgbà ń nu ojú ọgbẹ́ Bàbá kí n tó la ẹnu.

"Bàbá, tí ẹ bá délé, ta ni yóò máa se oúnjẹ?"

"Ìyàwó mi ni."

"Kí ni wọ́n sè fún yín kẹ́yìn?"

Bàbá gbójú sókè wo àjà. Nọ́ọ̀sì dá ọwọ́ dúró.

"Èmi ni mo máa ń sè é," ni wọ́n wí. "Ó ti pẹ́."

"Ẹsẹ̀ wo lẹ wá fẹ́ fi dúró sè é, Bàbá?" Nọ́ọ̀sì ló bèèrè ìyẹn o, kì í ṣe èmi.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tú jáde. Bàbá bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. "Mo mọ ibi tí wọ́n ń kó àwọn tó ń gbàgbé lọ. Tí mo bá sọ pé kò lè tọ́jú mi, ẹ ó bi mí léèrè ìdí. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó, a ò sùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí, àfi ti ọsibítù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi."

Nọ́ọ̀sì àgbà di ọgbẹ́ náà tán, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ta ló wà pẹ̀lú Màmá báyìí?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn," ni mo wí. "Ta lẹ rò pé ó yẹ kó mọ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí. Lẹ́yìn náà ló wo ojú fèrèsé, tó rí ọ́fíìsì tó wà ní òdìkejì. Ó wọ kóòtù òjò rẹ̀, ó jáde. Mo sìn ín dé géètì, mo sì dúró wò ó títí ó fi sọdá títì. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ò tẹ inú ọgbà yẹn rí. Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he.

Ọjọ́rú, 13

Òjò. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ju pé wọ́n fi kún owó ọkọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14

Wọ́n ṣèpàdé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí nọ́ọ̀sì àgbà àti Ọ̀gbẹ́ni Agboòrùn máa jókòó sídìí tábìlì kan náà, àwọn ọ̀gá wọn sì wà níbẹ̀. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n bẹ ara wọn, ohun gbogbo ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo jókòó sí kọ̀rọ̀, mo ti ń fọkàn kọ máàkì mẹ́rin sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé ìpinnu kalẹ̀. Ọsibítù máa wá àyè fún Bàbá ní ilé ìtọ́jú kan tí nọ́ọ̀sì máa ń wà. Ọ́fíìsì máa wá àyè fún Màmá ní ilé àwọn tó ń gbàgbé nǹkan, èyí tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú lọ́hùn-ún. Ní ìparí oṣù, kí Ìyá Oníbúrẹ́dì tó lọ. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ìṣọ̀kan nìyí.

Nọ́ọ̀sì ló lọ sọ fún Bàbá. Mo tẹ̀ lé e. Bàbá gbọ́ ọ tán, èmi ni wọ́n kọjú sí.

"Ìyá Alámì, ẹ bi mí ní ọ̀rọ̀, mo sì fi òótọ́ dá yín lóhùn. Ṣé ohun tó wà nínú ẹ̀ nìyí?"

Wọ́n kọjú sí ògiri. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni tèmi wá kó ọ̀ràn bá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Mi ò lè jẹun. Ọkọ mi ní ọbẹ̀ náà kò burú tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọn ò sì dìde mọ́. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn, tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè ní Tíṣà Ìrìn, ti bẹ̀bẹ̀, ó ti ṣàwàdà, ó ti fi ìbínú sọ̀rọ̀. Bàbá ní kí ni àwọn fẹ́ rìn lọ bá. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá gan mọ́ ibẹ̀, wọn ò ní rìn mọ́, Tíṣà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló tẹ Ọ̀gbẹ́ni Agboòrùn láago fúnra rẹ̀ pé kí wọ́n mú Màmá wá.

Ìyá Oníbúrẹ́dì mú wọn wá lọ́sàn-án, Agboòrùn ń gbé agboòrùn bò wọ́n lórí. Màmá wọlé, wọ́n wo yíká, wọ́n rí Bàbá.

"Ìwọ náà rèé! Oúnjẹ ti tutù. Dìde ká máa lọ."

Wọn ò bèèrè kí ló ṣe é. Wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá Bàbá, Bàbá sì dìde. Tíṣà sáré gbé irin ìrìn síwájú wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Màmá kì í yára rìn tẹ́lẹ̀, nítorí náà ìrìn wọn bá ti Bàbá mu wẹ́kú. Tí wọ́n bá dé ibi tí Màmá ò mọ̀ mọ́, Bàbá á ní, "Ọ̀tún. Ibi fèrèsé yẹn là ń lọ." Aṣọ ìnura Bàbá já bọ́, Màmá bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú un, wọ́n gbọ̀n ọ́n nù, wọ́n gbé e lé èjìká. Bàbá ní, "Bọ́tìnnì rẹ ṣí," Màmá sì dè é. Báyìí ni wọ́n ṣe lọ dé ìdí fèrèsé, tí wọ́n padà.

Tíṣà Ìrìn dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà náà wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọsibítù ò purọ́, ọ́fíìsì ò purọ́. Ìyàwó ń tọ́jú ọkọ lóòótọ́, ọkọ náà ń tọ́jú ìyàwó. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn tó ṣeé tẹ̀, èkejì ní iyè. Gbogbo wa ń kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Mo sunkún nínú ọkọ̀. Ẹni tó jókòó tì mí fún mi ní áńkáṣíìfù rẹ̀, Ọlọ́run bù kún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Wọ́n tún jókòó, àwọn mẹ́ta péré lọ́tẹ̀ yìí: nọ́ọ̀sì, Agboòrùn, Tíṣà. Wọn ò pe ọ̀gá kankan. Mo wà ní kọ̀rọ̀ mi. Agboòrùn kọjú sí mi, ó ní, "Mà, ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rò?"

Kí n tó la ẹnu, nọ́ọ̀sì ti gbà á lẹ́nu mi. "Má da ara rẹ láàmú. Yóò bi ẹ́ pé kí ni ìwọ náà rò."

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ohun tí mo ti ń retí láti ọjọ́ yìí. Wọn ò ka ohun tí Bàbá ò lè ṣe sọ́tọ̀ kí wọ́n tún ka ti Màmá sọ́tọ̀. Wọ́n wá ohun tí àwọn méjèèjì ò lè ṣe pọ̀. Kò tó nǹkan rárá. Wọn ò lè wẹ Bàbá. Wọn ò lè dáná láìléwu. Wọn ò lè di ọgbẹ́. Olùrànlọ́wọ́ kan láti ọ́fíìsì á máa wá láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì kan á máa wá wo ọgbẹ́, Tíṣà á máa wá wo ẹsẹ̀. Wọ́n á dán an wò. Bí kò bá ṣeé ṣe, ilé ìtọ́jú méjì náà ṣì wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì lọ sọ fún Bàbá. Bàbá ní kó pè mí wá. "Ìyá Alámì," ni wọ́n wí, "mo kanra mọ́ yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má bínú." Mo ní kí n bínú kẹ̀, Bàbá, mo dúpẹ́ ni.

Ọjọ́rú, 27

Kí n kọ èyí kí n tó gbàgbé, torí mo ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti wà nílé Bàbá láàárọ̀ láti wo bí wọ́n ṣe ń tún yàrá ṣe. Ọkọ̀ ọsibítù dé, wọ́n gbé ibùsùn onírin kan gun òkè. Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí ọkọ̀ ọ́fíìsì ìgbáyé-gbádùn fi dé. Ibùsùn onírin ni àwọn náà gbé wá. Onírúurú àwọ̀, ìwọ̀n kan náà, ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Ọkùnrin mẹ́rin pàdé lórí àtẹ̀gùn, kò sí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn. Màmá jáde, wọ́n kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n bi wọ́n pé ṣé àwọn àlejò ń bọ̀ ni.

Nínú yàrá, ibùsùn tí Bàbá kàn nígbà tí wọ́n fẹ́ gbéyàwó gba ibi tó pọ̀ jù. Igi gidi, orí rẹ̀ ní iṣẹ́ ọnà ewé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ga. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e jáde kí onírin lè wọlé. Màmá jókòó lé e, wọn ò dìde.

Agboòrùn pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì pe Tíṣà. Tíṣà ní ibùsùn igi náà ò burú, gíga rẹ̀ nìkan ni ìṣòro, ẹsẹ̀ Bàbá gbọ́dọ̀ máa kanlẹ̀ tí wọ́n bá jókòó lé e. Nọ́ọ̀sì gbé fóònù fún Bàbá.

"Ẹ gé ẹsẹ̀ rẹ̀," ni Bàbá wí. "Ayùn mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ta ló wà níbẹ̀?"

"Èmi ni, sà," ni Agboòrùn dáhùn.

"Ṣé o ti di ayùn mú rí?"

"Rárá, sà."

"Gbé agboòrùn yẹn sílẹ̀ ná."

Wọ́n ṣì rántí. Agboòrùn gbé e sílẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí apá rẹ̀ lófìfo. Bàbá ń pàṣẹ láti orí ibùsùn ọsibítù, ọmọ náà ń gé, ó ń làágùn, Màmá di ẹsẹ̀ ibùsùn mú fún un gírígírí, wọ́n sì ń sọ fún un pé kó má tẹ ayùn jù. Àwọn tó gbé onírin wá jókòó lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Nígbà tó parí, ẹsẹ̀ kan kúrú ju àwọn yòókù lọ. Ibùsùn náà ń mì.

"Ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lábẹ́," ni Bàbá wí. "Mo máa tún un ṣe tí mo bá dé." Ohùn wọn ti yàtọ̀.

Ibùsùn méjì ló padà sínú ọkọ̀ méjì. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Ọjọ́ Àìkú, 31

Ìyá Oníbúrẹ́dì lọ lónìí. Ó ti pe olùrànlọ́wọ́ tuntun náà jókòó, ó fi gbogbo nǹkan hàn án, ó tún kìlọ̀ fún un pé Màmá kì í mu tíì gbígbóná. Olùrànlọ́wọ́ náà ló máa sùn ti Màmá mọ́jú, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Ọ̀la ni Bàbá ń bọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹsàn-án

Wọ́n délé. Òjò dáwọ́ dúró fún wọn. Tíṣà wà níwájú, nọ́ọ̀sì àgbà wà lẹ́yìn, Bàbá ń gun àtẹ̀gùn tó ṣe wọ́n léṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sinmi lágbede méjì, wọ́n yẹ igi ìdìmú wò, wọ́n ní ìṣó rẹ̀ ti dẹ̀. Màmá dúró lókè.

"O pẹ́ o," ni Màmá wí.

"Iṣẹ́ ló pọ̀," ni Bàbá dáhùn.

Mo yà sínú ilé ìdáná lọ nu ojú mi, nọ́ọ̀sì àgbà ti wà níbẹ̀ tó ń nu tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 11

Ẹ̀rù bà mí lónìí. Màmá gbé kẹ́tùrù kaná láìbu omi sí i, kí olùrànlọ́wọ́ tó dé. Bàbá gbóòórùn rẹ̀ láti yàrá, wọn ò lè yára dé ibẹ̀, wọ́n pariwo pé, "Pa iná!" Màmá pa á. Kẹ́tùrù bàjẹ́, àmọ́ nǹkan kan ò ṣe ẹnikẹ́ni.

Mo ti mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé irú èyí: ọsibítù á ní ẹ̀bi ọ́fíìsì ni, ọ́fíìsì á ní ẹ̀bi ọsibítù. Orí àtẹ̀gùn ni mo ṣì dúró sí tí Agboòrùn àti nọ́ọ̀sì àgbà fi jọ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kan náà, tí wọ́n gòkè wá. Agboòrùn ní ó yẹ kí òun ti ronú kan ibi iná. Nọ́ọ̀sì ní òun ló yẹ kó rán an létí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí gáàsì ti ń tàn, ọwọ́ Bàbá ni kọ́kọ́rọ́ wà, wọ́n sì fún wọn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo láti pè, ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì ló lè gbé e. Kò sí ẹni tó dárúkọ ilé ìtọ́jú. Mo dúpẹ́ títí ẹnu mi fi gbẹ.

Ọjọ́ Ajé, 22

Mo ń kọ ìjábọ̀. Máàkì ló kù. Nọ́ọ̀sì àgbà pè mí láàárọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ máàkì àwọn ará ọ̀hún. Àwa la ò bèèrè." Kò pẹ́ tí Agboòrùn náà pè: "Mà, tí ẹ bá máa yọ, tiwa ni kí ẹ yọ." Mi ò rí irú èyí rí nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn èèyàn máa ń bẹ̀ mí pé kí n bu kún tiwọn ni.

Mo fún wọn ní mẹ́ta. Ọkọ mi ní mi ò láàánú. Mo ní wọ́n gbé ibùsùn méjì wá, ó ní òótọ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 26

Mo ka ìjábọ̀ níwájú gbogbo wọn. Mo sọ ti títì àárín wọn, mo sọ ti Ìyá Oníbúrẹ́dì tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, mo sọ pé kí wọ́n má béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ pé "ṣé ẹnì kan wà nílé," kí wọ́n máa lọ wo onítọ̀hún. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ṣé ẹ ò fọwọ́ kàn án?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án, sà. Ọ̀rọ̀ ni mo bèèrè."

Wọ́n wò mí títí. "Nígbà mìíràn, mi ò ní rán yín níṣẹ́ láì dì yín lẹ́nu," ni wọ́n wí, àmọ́ wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ti bu ṣúgà sí tíì mi. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo Ọjọ́rú ni àwọn ará ọsibítù àti àwọn ará ọ́fíìsì á máa jókòó pọ̀, ìdí tábìlì kan náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù kẹwàá

Iṣẹ́ ti parí, kò sẹ́ni tó rán mi. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ sí ilé Bàbá Káfíńtà. Ìyá Oníbúrẹ́dì ti dé, ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nínú fóònù, ó fi hàn mí títí ojú fi ń ro mí. Mo ra búrẹ́dì kan, mo gòkè. Igi ìdìmú ti dúró gbagidi.

Mo kan ilẹ̀kùn. Màmá ṣí i díẹ̀, wọ́n yọ ojú kan. Wọn ò mọ̀ mí rárá.

"Ta lẹ̀ ń wá?"

"Ẹ káàsán, mà. Bàbá ni mo wá kí."

Wọ́n gbé ìka sí ètè. "Ẹ rọra. Ó ń sùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dùn ún lóru, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn ni. Ẹ padà wá lọ́la."

Mo ní kò burú. Wọ́n gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.